Toolkit wo ni kí n fi kọ ètò tó ní ojú? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún akọètò ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nítorí pé ó wù wọ́n máa ń bi mí jù lọ, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, láti Àgọ́-Ìwòyè títí dé Ìlíṣàn. Kò sí ẹni tó ń sanwó iṣẹ́ náà fún wọn. Ọ̀kan ń kọ ìwé owó fún ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀, òmíràn ń kọ ìwé gbèsè fún oníṣòwò obì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ kó parí, kó sì dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ fún.

Kí ni toolkit? Ṣé dandan ni kí n lò ó?

Toolkit ni àkójọ kóòdù tó ti mọ bí a ṣe ń ya fèrèsé, bọ́tìnì, mẹ́nù, tábìlì àti àpótí ìkọ̀wé sójú kọ̀ǹpútà, tó sì ń ta ètò yín lólobó nígbà tí ẹnìkan bá tẹ nǹkan. Èyí tí à ń wá níbí ni irú èyí tí kóòdù kan náà yóò fi ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ máa lo ètò náà, tí ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí kò sì dà yín láàmú, ẹ fi toolkit sílẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n akápò ẹgbẹ́ kò ní tẹ àṣẹ síbẹ̀. Ó fẹ́ rí orúkọ, kó tẹ̀ ẹ́, kó kọ iye owó, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti pọ̀ jù: Qt, GTK, Tk, Flutter, Electron. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó máa lò ó. Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan tí gbogbo wa mọ̀: rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ń múra Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá. Ọjọ́ náà ṣì jìnnà tí owó ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀: owó aṣọ, owó fìlà, owó onílù. Inú ìwé ni akápò ń kọ ọ́ sí, ẹ sì fẹ́ bá a kọ ètò tí yóò máa fi ẹni tó ti san àti ẹni tó ṣì jẹ gbèsè hàn án.

Irú kọ̀ǹpútà wo ló wà nílé rẹ̀? Ṣé Windows tó ti pẹ́ ni, RAM rẹ̀ ńkọ́? Ṣé orí fóònù ló máa fẹ́ kí ètò náà wà nígbẹ̀yìn? Ṣé flash lẹ máa fi gbé e lọ fún un, àbí dátà tirẹ̀ ló máa fi wà á sílẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jáde pẹ̀lú àmì rẹ̀ tó pé? Bí ẹ bá dáhùn ìwọ̀nyí, ọ̀pọ̀ toolkit ti yọ ara wọn kúrò kí ẹ tó ṣí ìwé ìtọ́sọ́nà kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ èdè tí ẹ fi ń kọ ètò. Ẹni tó gbọ́ Python kò nílò láti lọ kọ́ C++ tàbí Dart nítorí ìwé owó ẹgbẹ́. Ó máa ti sú u kó tó débi kankan.

Ṣé lóòótọ́ ni toolkit lè ba orúkọ Yorùbá jẹ́?

Lóòótọ́ ni, èmi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò ó.

Unicode ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà. Ó fún lẹ́tà á ní nọ́ńbà kan, ó fún lẹ́tà ẹ ní U+1EB9, ó fún lẹ́tà ọ ní U+1ECD, ó fún lẹ́tà ṣ ní U+1E63. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún ẹ́ tàbí ọ̀. Méjì ló ń para pọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà àmì ohùn, U+0300 fún ohùn ìsàlẹ̀, U+0301 fún ohùn òkè. Kóòdù tó ń ya ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ gbé àmì yẹn lé orí lẹ́tà gẹ́lẹ́.

HarfBuzz ni wọ́n kọ fún irú iṣẹ́ yìí. Qt gbé e dání, GTK ń lò ó láti inú Pango, Flutter ń lò ó, Chromium tó wà nínú Electron náà ń lò ó. Tk 8.6 lórí Linux kò lò ó. Xft ló ń lò láti ya ọ̀rọ̀, nítorí náà àmì lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kó lọ gun lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Dear ImGui, tí àwọn tó ń kọ géèmù fẹ́ràn, kò ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú rárá.

Fọ́ńtì náà ní ipa tirẹ̀. Bí fọ́ńtì tí ètò ń lò kò bá ní ọ, kọ̀ǹpútà á lọ yá a láti inú fọ́ńtì mìíràn, lẹ́tà kan á wá ga ju ìyókù lọ láàárín orúkọ. Noto Sans, DejaVu Sans, Gentium àti Charis SIL mọ lẹ́tà wa dáadáa. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, láísẹ́ǹsì wọn sì gbà kí ẹ kó wọn mọ́ ètò yín. Ẹ kó wọn mọ́ ọn, ẹ má fi sílẹ̀ fún ohun tí kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà bá ní.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí á sáà kọ orúkọ láìsí àmì. Ẹ̀yin ẹ ronú sí i: ìyá tó rí orúkọ ọmọ rẹ̀ tó jáde pẹ̀lú àpótí òfìfo láàárín, ṣé á gbà pé iye owó tó wà níwájú orúkọ náà péye? Ètò tí kò lè kọ orúkọ ènìyàn kò tíì yẹ lẹ́ni tí a ń kó owó fún.

Mo wá Bọ́sẹ̀ nínú ètò mi, ó ní kò sí. Bẹ́ẹ̀, mo ń wò ó níbẹ̀ lójú mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹni méjì tẹ orúkọ náà pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù méjì tó yàtọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan fi ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ ránṣẹ́, ó sì fi ohùn tẹ̀ lé e. Èkejì fi o lásán ránṣẹ́, ó fi àmì ìsàlẹ̀ kún un, ó tún fi ohùn kún un. Ojú kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà wọn kò dọ́gba, nọ́ńbà sì ni kọ̀ǹpútà ń wò.

NFC ni ìlànà Unicode tó ń sọ irú ìkọsílẹ̀ méjèèjì yìí di ọ̀kan náà. Nínú Python, ẹ fi `unicodedata.normalize("NFC", orúkọ)` gba gbogbo orúkọ kó tó wọ ibi ìpamọ́, ẹ ṣe bákan náà fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ sínú àpótí ìwádìí. Ohun kan ṣì kù tí NFC kò lè bá yín tún ṣe: àwọn kan máa ń fi ìlà kékeré tó dúró, U+0329, sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótó, U+0323. Ẹ kọ́kọ́ sọ àkọ́kọ́ di èkejì, kí ẹ tó lo NFC.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n lè wá orúkọ láìtẹ àmì ohùn. Ẹ fi NFD, ìlànà tó ń ya àmì sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́tà, tú orúkọ náà, kí ẹ yọ U+0300, U+0301 àti U+0304 nìkan. Bí ẹ bá yọ gbogbo àmì tán, ọ á di o, ṣ á sì di s, orúkọ tó yàtọ̀ síra á wá dà pọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ní ọ, kò burú, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ yàn án.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìwọ̀n. Lẹ́tà mẹ́jọ ni ojú rí nínú Ṣóbọ̀wálé, ṣùgbọ́n `len` nínú Python á ní mẹ́sàn-án, nítorí ọ̀. Àpótí tó bá ń gé orúkọ nígbà tó bá pé iye kan lè gé àmì kúrò lórí lẹ́tà tó kẹ́yìn.

Ètò mi to orúkọ, gbogbo àwọn tó fi Ṣ bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn Y.

Nọ́ńbà Unicode ló fi tò wọ́n. Lẹ́tà Yorùbá 25 ní ètò tirẹ̀: lẹ́tà ẹ ló tẹ̀lé lẹ́tà e, gb tẹ̀lé g, ọ tẹ̀lé o, ṣ tẹ̀lé s. Ẹni tó ń lo Python lè fi PyICU ṣe é, torí ICU, àkójọ kóòdù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mọ bí a ṣe ń to Yorùbá. Bí èyí bá ti wúwo jù, ẹ kọ ètò ìtò yín fúnra yín. Kò gùn, ibi tó ṣòro díẹ̀ ni gb, torí lẹ́tà méjì lẹ máa kà bí ẹyọ kan.

Báwo ni ẹni tí kò mọ kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ṣe máa tẹ àmì?

Windows 10 ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú, Linux náà ní, Gboard ní ti fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé àgbàlagbà á lọ wá a kàn. Ẹ tò bọ́tìnì kékeré sábẹ́ àpótí orúkọ: ẹ, ọ, ṣ, àti àmì ohùn méjèèjì. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà á bọ́ síbi tí kọ́sọ̀ wà. Nínú Tkinter, tí Python fi ń lo Tk, ìlà kan ni: `àpótí.insert("insert", "ẹ")`. Nínú Qt, `insert` ti QLineEdit, àpótí ìkọ̀wé rẹ̀, ló ń ṣe é. Ó tún lérè pé bó ṣe yẹ kó rí ni nọ́ńbà lẹ́tà á ṣe máa wọlé.

Ṣé Tkinter kò ti di ohun àtijọ́?

Ó ti pẹ́. John Ousterhout ló ṣe Tk ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, fún èdè Tcl, kí Python tó gbà á mọ́ra. Tk 9.0 jáde ní 2024, nítorí náà wọn kò pa á tì.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ẹ ò ní fi dátà wà á. Bí ẹ bá ti fi Python sórí Windows láti ojú òpó Python fúnra rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀. Ẹ tẹ `python -m tkinter`, fèrèsé kékeré á jáde. Lórí Ubuntu, ẹ fi `python3-tk` kún un. Ẹ lo ttk, apá Tkinter tó ní bọ́tìnì ìgbàlódé, kí bọ́tìnì má baà rí bí ti kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, ẹ sì lo Treeview fún tábìlì owó. Fún ìwé owó rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó máa wà lórí Windows nìkan, Tkinter ni mo máa kọ́kọ́ gbìyànjú. Bó bá jẹ́ Linux ni akápò ń lò, ẹ padà lọ wo ohun tí mo sọ nípa àmì ohùn.

Qt ńkọ́? Kí ló dé tí PyQt wà tí PySide náà tún wà?

Norway ni Qt ti wá, lọ́wọ́ Haavard Nord àti Eirik Chambe-Eng, ó sì kọ́kọ́ jáde fún aráyé ní 1995. VLC tí ẹ fi ń wo fíìmù, Qt ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀. Ó ní ohun gbogbo: tábìlì tó lè gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà láìwúwo, ìtẹ̀wé, ọ̀rọ̀ tó jáde dáadáa. Bí ẹ bá ní sùúrù láti kọ́ ọ, èmi gbà pé òun ló dára jù fún ètò orí kọ̀ǹpútà tí orúkọ Yorùbá pọ̀ nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ kan náà ni PyQt àti PySide ń ṣe, kóòdù wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ délẹ̀. Láísẹ́ǹsì ló pín wọn níyà. Riverbank Computing ló ni PyQt, abẹ́ GPL ló wà, àyàfi tí ẹ bá ra láísẹ́ǹsì. GPL túmọ̀ sí pé bí ẹ bá fi ètò yín fún ẹlòmíràn, abẹ́ GPL ni ètò náà yóò wà, kóòdù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún onítọ̀hún. Àwọn tó ni Qt fúnra wọn ló ń ṣe PySide, LGPL sì wà lára láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ìyẹn gbà kí ẹ pa kóòdù tiyín mọ́, bí ẹ bá pa òfin rẹ̀ mọ́ nípa Qt fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń rò ó pé òun lè ta ètò yìí fún àwọn ẹgbẹ́ mìíràn lọ́jọ́ iwájú, kó mú PySide láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí dátà yín má baà jóná lásán, `pip install PySide6-Essentials` ni kí ẹ lò. PySide6 lódindi á kó Addons, ìyẹn àwọn àfikún Qt, wọlé, ìwé owó ẹgbẹ́ kò sì nílò rẹ̀.

GTK àti wxWidgets ńkọ́?

GIMP, ètò tí a fi ń tún àwòrán ṣe, ni wọ́n torí rẹ̀ dá GTK sílẹ̀. Ó dùn ún lò lórí Linux, ṣùgbọ́n kíkó o lọ sórí Windows le. wxWidgets bẹ̀rẹ̀ ní 1992 ní Yunifásítì Edinburgh. Bọ́tìnì tí Windows tàbí Mac fúnra wọn ní ló máa ń lò, ètò yín á sì jọ àwọn ètò yòókù tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò ni yín lára.

Ojú òpó wẹ́ẹ̀bù ni mo mọ̀ ọ́n kọ. Ṣé kí n kúkú lo Electron?

Ẹ lè lò ó, VS Code tí ọ̀pọ̀ yín ń lò, òun ni wọ́n fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ètò Electron kọ̀ọ̀kan ló ń gbé Chromium tirẹ̀ kiri. Ètò tó kàn ní kí ayé ó kú déédéé ìwòyí, bí wọ́n bá ti fi sórí kọ̀ǹpútà, ju 100 MB lọ. Fún láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB, tí ẹnìkan ti ṣí Chrome sórí rẹ̀ ṣáájú, ẹrù náà pọ̀. Ẹ wo Tauri. Ohun èlò ìwo-wẹ́ẹ̀bù tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà náà ló ń lò, WebView2 lórí Windows, WebKitGTK lórí Linux, nítorí náà fáìlì rẹ̀ kéré gan-an. Rust ni ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ kékeré, Rust tí ẹ máa fọwọ́ kàn kò pọ̀.

Ìyá mi ní orí fóònù lòun fẹ́ ẹ.

A jẹ́ pé Flutter ni. Google ló ni ín, Dart ni èdè rẹ̀, 1.0 jáde ní 2018, nígbà tó sì di 2022, ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí Windows, Mac àti Linux pẹ̀lú. Kóòdù kan á dé orí fóònù Android àti orí láptọ́ọ̀pù. Ẹ múra sílẹ̀ fún dátà: láti fi í ṣe ètò Windows, ẹ nílò Visual Studio pẹ̀lú apá C++ rẹ̀, GB mélòó kan ni yóò sì wà sílẹ̀. Ẹ wá ibi tí Wi-Fi ti yá. Ẹni tí kò fẹ́ kúrò nínú Python lè lo Kivy, kó fi Buildozer sọ ọ́ di ètò Android lórí Linux.

Windows 7 ló wà lórí kọ̀ǹpútà akápò wa.

Ó pọ̀ nílẹ̀ yìí, kò sì yẹ ká fi dójú ti ẹnikẹ́ni. Qt 6 ń béèrè Windows 10. Python 3.8 ló kẹ́yìn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 7. Electron fi Windows 7 sílẹ̀ láti ẹ̀dà 23. Ohun tó kù fún yín ni Python 3.8 pẹ̀lú Tkinter tàbí PyQt5, tàbí Lazarus.

Lazarus yìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀ ọ́n, ó sì dùn mí. Free Pascal ni èdè rẹ̀. Ẹ máa fi máòsì fa bọ́tìnì àti tábìlì sórí fọ́ọ̀mù, ẹ óò kọ kóòdù sábẹ́ wọn, exe kan ṣoṣo, fáìlì tí a ń tẹ̀ láti ṣí ètò lórí Windows, ni yóò sì jáde. Kò sí Python tí ẹ máa kọ́kọ́ fi sórí kọ̀ǹpútà akápò. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì yára lórí ẹ̀rọ tó ti darúgbó.

Ẹ tún ronú nípa Linux. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 pàápàá dúró ní October 14, 2025. Bí ẹ bá lo toolkit tó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, ètò yín á tẹ̀lé kọ̀ǹpútà náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi Linux Mint sórí rẹ̀.

Bí mo bá tẹ bọ́tìnì, gbogbo fèrèsé á dì títí iṣẹ́ á fi parí.

Toolkit gbogbo ló ní ìyípo kan tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n tẹ̀, tó sì ń tún ojú ètò yà. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ tó gùn sínú bọ́tìnì, ìyípo yẹn á dúró dè é. Ẹ gbé iṣẹ́ náà lọ sí thread mìíràn (ọ̀nà iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti fèrèsé), QThread nínú Qt, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí thread yẹn fọwọ́ kan bọ́tìnì tàbí tábìlì. Kó fi èsì ránṣẹ́ padà. Nínú Tkinter, `after` lè ṣẹ́ iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́.

Iná lọ nígbà tí akápò ń kọ owó, gbogbo rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ má fi bọ́tìnì ìpamọ́ sí ètò yín. SQLite, ibi ìpamọ́ tó wà nínú fáìlì kan, ni kí ẹ kó owó sí, ó ti wà nínú Python, kí ẹ sì ṣe `commit`, ìyẹn kí ẹ fi í pamọ́ pátápátá, lẹ́yìn owó kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé. Bí iná bá lọ láàárín, ohun tó ti wọlé ṣáájú kò ní bàjẹ́. Ẹ kọ owó sílẹ̀ bíi nọ́ńbà odidi, ní kọ́bọ̀ tàbí náírà, kì í ṣe oní-dẹ́símà, kí àròpọ̀ má baà yẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa fi fún wọn?

Fún Python, ẹ lo PyInstaller, tó ń sọ ètò yín di ohun tó ń ṣí láìsí Python lórí kọ̀ǹpútà náà. Orí Windows ni ẹ ti máa ṣe exe ti Windows, orí Linux ni ti Linux. Kò lè ṣe ọ̀kan láti orí èkejì. Kì í pẹ́ tí amúkòkòrò (antivirus) á fura sí exe oní-fáìlì-kan, nítorí náà ẹ lo fóldà odindi, ẹ fi zip dì í. Ti Mac gbówó lórí: kí ètò tó lè ṣí láìsí ìkìlọ̀, Apple ń gba $99 lọ́dún lọ́wọ́ akọètò.

Ojú bàbá akọ̀wé kò ríran dáadáa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣeé sọ di ńlá láti inú mẹ́nù. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà síta ló ń lò, Tk 8.6 kò lè bá a sọ̀rọ̀. Qt àti wxWidgets lè ṣe é.

Ṣé mo lè yí toolkit padà tó bá yá?

Ẹ lè yí i, bí ẹ kò bá kó ìṣirò owó sínú bọ́tìnì. Fáìlì kan fún owó, orúkọ àti SQLite, kó má mọ̀ rárá pé fèrèsé wà. Fáìlì mìíràn fún ojú ètò.

Mo ti yọ ọ́ ku méjì, mi ò mọ èyí tí màá mú.

Ẹ fi méjèèjì kọ ojú kan náà: àpótí orúkọ, àpótí owó, tábìlì, àpótí ìwádìí. Ẹ fi Ọ̀ṣínọ́wọ̀, Ṣóbọ̀wálé, Ẹ̀bùn àti Gbọ́láhàn sínú wọn, pẹ̀lú ₦. Ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà akápò, kì í ṣe tiyín, kí ẹ jókòó tì í láìsọ̀rọ̀ bó ṣe ń kọ owó ènìyàn bíi mẹ́wàá sílẹ̀. Ibi tó bá ti dúró wò yín lójú ni ẹ máa tún ṣe. Bí méjèèjì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ mú èyí tí fáìlì rẹ̀ kéré jù, torí òun ló máa rọrùn láti tún fi ránṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ṣàtúnṣe.